Abẹ́rẹ́ Ọmọ Rẹ Kò Gbọdọ̀ Dúró De Ọjọ́ Túsìdé

Lokogoma, Abuja,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Morẹ́nikẹ́ ọmọ mi, Àbẹ̀ní,

O kú ìnira o, o kú ẹrù. Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, ẹnikẹ́ni ò ní í fi ọwọ́ lérán nínú wa.

Bàbá rẹ ní kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà sí ọmọ tó wà ní Jahi, nígbà tí èmi wà ní Lokogoma níhìn-ín, tí a lè wọ mọ́tò lọ bá ọ kí ọbẹ̀ tó jiná. Mo ní kò yé e ni. Bí mo bá pè ọ́, kí n tó sọ gbólóhùn méjì, wàá ti ní, "Mọ́mì, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀." Bí mo bá wá, wàá wọ kíṣíìnì lọ máa wá ohun tí mo máa jẹ, ọ̀rọ̀ á sì di ọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù, tó bá ti gùn, o kì í kà á tán. Ṣùgbọ́n o ò lè já lẹ́tà lẹ́nu gbà. Mo sì ń fi Yorùbá kọ ọ́, torí bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, màá dà bí ẹni tó ń kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ẹ̀yin ọmọ Abuja, ẹ̀ ń gbọ́ Yorùbá ju bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ lọ. Kà á sókè fún Olúmìdé ọkọ rẹ. Níbi tó bá ti le, kí ó là á yé ọ.

Ọ̀rọ̀ tó gbé bírò lé mi lọ́wọ́ nìyí. Ìjẹta tí mo pè ọ́, mo bi ọ́ pé kí ni dókítà wí nípa abẹ́rẹ́ ọmọ. O ní dókítà fẹ́ ra abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ sínú fíríìjì wọn, kí wọ́n lè gún ọmọ ní kété tí o bá ti bí i. O ní o sọ fún un pé kó jẹ́ kí ẹ rò ó ná. Ìgbà náà lo wá rẹ ohùn sílẹ̀, o ní, "Mọ́mì, ṣé kò lè dúró di Túsìdé tí wọ́n máa ń gún gbogbo ọmọ? Tí Màmá Olúmìdé bá rí i pé ọmọ tèmi nìkan ni wọ́n sáré gún, wọ́n á béèrè ìdí."

Àbẹ̀ní, ẹ̀wà tó wà lórí iná jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Mo kàn ní a máa sọ̀rọ̀, mo pa fóònù. Mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí, pásítọ̀ ń wàásù, Túsìdé ni mo ń gbọ́.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ náà tò, bí o tilẹ̀ mọ̀ ọ́, torí ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń gbàgbé ohun tó mọ̀. Nígbà tí ẹ fẹ́ ṣègbéyàwó, ṣọ́ọ̀ṣì ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Olúmìdé kò ní nǹkan kan. Ìwọ ni wọ́n bá àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítíìsì B lára rẹ. Dókítà ní kí gbogbo ilé wa wá yẹ ara wọn wò. Bàbá rẹ kò ní in, àbúrò rẹ kò ní in. Èmi ìyá rẹ ni mo ní in. Olúmìdé, Ọlọ́run bù kún un, kò sá. Ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ara rẹ̀ ti gbà á, ó sì gbé ọ níyàwó. Àwa márùn-ún yìí nìkan la mọ̀. Ìyá Olúmìdé tó ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú wá tọ́jú ìwọ àti ọmọ kò mọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ wà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kòkòrò tí a ní yìí, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé, ẹ̀dọ̀ ló sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Àgbàlagbà tó bá kó o, ara ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń lé e lọ fúnra rẹ̀. Ọmọ tuntun ni kò lágbára láti lé e. Èyí tó bá kó o lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni í bá a dàgbà. Dókítà ní ó jọ pé ọjọ́ tí mo bí ọ gan-an ni o gbà á lára mi, nínú ẹ̀jẹ̀ ìkúnlẹ̀. Kò sí ẹni tó yẹ̀ mí wò nígbà náà, kò sí ẹni tó gún ọ. Mi ò jẹ̀bi, ìwọ náà ò jẹ̀bi. Mo ti sunkún ìyẹn tán. Ṣùgbọ́n ti ọmọ inú rẹ yàtọ̀, torí àwa ti mọ̀.

Abẹ́rẹ́ yẹn àti kòkòrò yẹn ń sáré ni. Bí abẹ́rẹ́ bá kọ́kọ́ débẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì. Bí kòkòrò bá ti wọlé jókòó, kí la fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣe fún olè tó ti wà ní pálọ̀? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kó má kọjá wákàtí mẹ́rìnlélógún, kí ó sì yá ju bẹ́ẹ̀ lọ bó bá ṣeé ṣe. Túsìdé tí o ń wí yẹn, mo mọ bó ṣe jẹ́. Ìgò kan ni wọ́n fi ń gún ọmọ púpọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì kì í fẹ́ ṣí i fún ẹyọ ọmọ kan kí ìyókù má baà ṣòfò, wọ́n á wá ní kí gbogbo ìyá kó ọmọ wọn wá lọ́jọ́ kan náà. Kò dára fún ọmọ kankan, ṣùgbọ́n fún ọmọ tìrẹ ewu gidi ni. Bí o bá wá bímọ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè ńkọ́, tí Túsìdé ti kọjá? Ṣé ọmọ á máa retí títí ọ̀sẹ̀ á fi yí po? Ìyá ọkọ rẹ á sì ní ọmọ tuntun kì í jáde kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Nítorí náà mo ní kí n kọ ìmọ̀ràn díẹ̀ fún ọ. Má yí ojú. Mo rí ọ.

Ìkíní, nípa fífi nǹkan pamọ́ fún ìyá ọkọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé bàbá rẹ, mo ti ń lo gíláàsì ojú láti ilé ìwé. Ẹnì kan wá sọ sí mi létí pé ìyá ọkọ mi ò fẹ́ ìyàwó onígíláàsì, pé wọ́n ní ọmọ irú wọn máa ń fọ́jú. Ni mo bá bọ́ gíláàsì, mo fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Nígbàkígbà tí ìyá bá wá kí wa, mo di afọ́jú. Ọjọ́ kan mo kúnlẹ̀ kí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, mo rò pé àwọn ni. Ọjọ́ kejì mo ṣa ẹ̀wà, mo sè é, mo gbé e síwájú wọn. Òkúta ni eyín wọn kọ́kọ́ bá pàdé. Ìyá ò bínú. Wọ́n tu òkúta náà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìyàwó, lọ mú gíláàsì rẹ wá. Ojú ibi tó ti tẹ̀ sí ọ nímú ni mo ti ń wò láti ọjọ́ ìgbéyàwó."

Mo rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ohun tí a ń fi pamọ́ fún àwọn àgbà yìí, wọ́n máa ń rí i ju bí a ṣe rò lọ. Eyín ìyá ọkọ mi ni mo fi san owó ìtìjú mi. Ìwọ, ẹ̀dọ̀ ọmọ lo fẹ́ fi san tìrẹ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, Morẹ́nikẹ́. Ìbéèrè ìyá ọkọ ni làpálàpá.

Ìkejì, nípa oògùn rẹ. Nígbà tí mo wá kí ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń rẹ̀ mí, mo ṣí ike fítámììn tó wà lórí fíríìjì. Kì í ṣe fítámììn ni mo bá níbẹ̀. Oògùn tí dókítà ẹ̀dọ̀ kọ fún ọ láti oṣù keje oyún ni, tí o ti dà síbẹ̀, tí o sì ti ju ike tirẹ̀ nù. Mi ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ ìdí. Àwọn tó ní kòkòrò éèdì náà ń lo irú oògùn yẹn, o sì ń rò pé bí ẹnì kan bá ka ara ike, á ní òun ló ń ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n ro ti ìyá ọkọ rẹ wò, tó fẹ́ràn fítámììn, tó máa wà nínú ilé yẹn láàárọ̀ lálẹ́. Bí wọ́n bá bù ú lò ńkọ́? Bí wọ́n bá ní fítámììn yìí ti pẹ́, tí wọ́n dà á nù ńkọ́?

Lọ gba ike tí orúkọ oògùn wà lára rẹ̀, kí o sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò ní í tó. Kí iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ lè wálẹ̀ kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé ni wọ́n ṣe fún ọ ní oògùn yẹn. Má fo ọjọ́ kankan. Bí o bá sì bímọ tán, má dá a dúró fúnra rẹ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Dókítà ni yóò sọ ìgbà. Ẹni tó bá kàn dá a dúró, kòkòrò náà lè jí padà pẹ̀lú agbára, kó dá ẹ̀dọ̀ lóró.

Ìkẹta ni ti àwo àti kọ́ọ̀bù. Nígbà tí èsì mi jáde, mo padà sílé, mo ya àwo mi sọ́tọ̀, mo ya ṣíbí mi sọ́tọ̀, mo fi ọ̀dà pupa sàmì sí ìdí kọ́ọ̀bù mi. Mi ò bá bàbá rẹ jẹun pọ̀ mọ́. Bàbá rẹ wò mí títí. Ó tó ọjọ́ mélòó kan, mo ń mu tíì nínú kọ́ọ̀bù alámì mi. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó mu ún tán, ó gbé e sílẹ̀, ó ní, "Ṣé o ti ṣe tán?" O mọ bàbá rẹ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo wọ yàrá lọ sunkún.

Àìsàn yìí kì í gba inú oúnjẹ ràn. Kì í gba inú ìdìmọ́ra, tàbí ìgbà tí a bá bọ ara wa lọ́wọ́, tàbí ìjókòó pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e, àti ìbálòpọ̀, àti ìkúnlẹ̀. Ohun tó yẹ kí o yà sọ́tọ̀ ni abẹ ìfárí, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ohun tí o fi ń gé èékánná, àti abẹ́rẹ́ ìdírun bó bá máa ń gún ọ lórí. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ bá kán sílẹ̀, fi bílíìsì nù ún, má jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ọwọ́ lásán kàn án. Nítorí náà bá ọkọ rẹ jẹun. Bá ìyá ọkọ rẹ jẹun. Fi ẹnu ko ọmọ rẹ lẹ́nu títí yóò fi sú u.

Ó kan ti àgbo. Èyí dùn mí láti sọ, torí ìwọ lo kìlọ̀ fún mi nígbà náà. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún mi pé àgbo kan wà ní Utako, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mọ́tò Òṣogbo ti ń gbérò, pé ó ń fọ ẹ̀dọ̀ mọ́ tónítóní. Mo ń mu ún láàárọ̀, mo ń mu ún lálẹ́, ó korò bí ìyà. Nígbà tí wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ẹ̀dọ̀ mi ti burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dókítà wa, ọmọ Hausa tó máa ń rẹ́rìn-ín yẹn, kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Kai, Màmá! Gbogbo ohun tí a bá gbé mì, ẹ̀dọ̀ ló ń bá wa sẹ́ ẹ. Ẹ rí ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹ wá di ẹrù lé e lórí." Mo dá a dúró, ẹ̀dọ̀ mi sì balẹ̀ padà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bí ìyá ọkọ rẹ bá gbé ìgò àgbo jáde fún ìwọ tàbí ọmọ, dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin bó bá gbà bẹ́ẹ̀, dúpẹ́ púpọ̀, má sì mu ún. Ọtí náà, kódà wáìnì ìkómọ, má fi kan ètè.

Mi ò rántí iye tí mo ti kà dé. Bàbá rẹ ń bi mí bóyá ìwé Jẹ́nẹ́sísì ni mo ń kọ.

O mọ Bọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ̀gbọ́n mi, nínú fọ́tò tó wà ní pálọ̀. Ara rẹ̀ le, ó ń ṣiṣẹ́, kò sí ibi tó ń dùn ún. Nígbà tó yá ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí epo, ẹran ara rẹ̀ sì ń gbẹ. Àwọn ará ilé ní wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ. Wọ́n dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó gbé oúnjẹ fún un níbi iṣẹ́. Láti ibi àdúrà kan dé òmíràn ni wọ́n ń gbé e, títí ó fi kú. Títí dòní, ilé tiwa àti ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò kí ara wọn. Mi ò lè búra pé ohun tó wà lára mi ló pa á, torí kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ìyá kan náà ló bí wa, abẹ kan náà ni wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́ fún wa. Láti ìgbà tí mo ti gba èsì mi, bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bá ta mí pẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ ni mo máa ń rí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dà ọ́ láàmú pé kí o máa lọ yẹ ẹ̀dọ̀ wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú. O máa ń ní, "Mọ́mì, kò sí ohun tó ń ṣe mí." Kò sí ohun tó ń ṣe Bọ̀dá Káyọ̀dé náà. Ẹ̀dọ̀ kì í tètè ké. Wọ́n ò tíì rí oògùn tó ń lé kòkòrò yìí jáde pátápátá lára wa, ṣùgbọ́n wọ́n ní oògùn tó ń dè é mọ́lẹ̀, ẹni tó bá sì ń lọ fún àyẹ̀wò lè dàgbà, kó rí ọmọ ọmọ. Mo fẹ́ rí ọmọ ọmọ. Mo sì fẹ́ kí ìwọ náà rí tìrẹ.

Nípa ọmọ fúnra rẹ̀. Fún un lọ́mú, má fòyà, wàrà ọmú kì í gbé e. Bí orí ọmú bá là tó ń ṣẹ̀jẹ̀, fi han nọ́ọ̀sì kíákíá. Bí wọ́n bá fẹ́ dá a lábẹ́ tàbí lu etí rẹ̀, ọsibítù ni, ohun èlò tuntun ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi abẹ sín in ní gbẹ́rẹ́, wọn ì báà sọ pé ìran wọn ló ń ṣe é. Abẹ́rẹ́ ọjọ́ ìbí yẹn kì í ṣe òpin. Èyí tó kù ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá pẹ̀lú àwọn abẹ́rẹ́ yòókù, má jẹ́ kí ọ̀kan fo. Lẹ́yìn tó bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí a mọ̀ dájú. Ìgbà náà ni màá tó mí.

Ó wá ku ohun kan tí mo ṣe. Mo mọ̀ pé wàá bínú. Jókòó kí o tó kà á.

Lánàá, mo pe ìyá ọkọ rẹ.

Mi ò sọ tìrẹ. Tèmi ni mo sọ. A kí ara wa, a kí ọjà, a kí òjò Ìjẹ̀bú. Mo ní, "Màmá, mo ní àìsàn kan nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ ni ó ń bá jà. Mo ń gba ìtọ́jú. A jọ máa wà lọ́dọ̀ ọmọ yẹn, mi ò sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn." Mo ṣàlàyé bó ṣe ń ràn àti bí kì í ṣe í ràn. Mo ní nítorí rẹ̀, ọmọ tí a bá bí nínú ilé tiwa gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tó bá délé ayé gan-an, kò gbọdọ̀ dúró.

Wọ́n ní, "Morẹ́nikẹ́ ńkọ́?"

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ dá yín lóhùn ìyẹn."

Mo mọ̀ pé èsì yẹn náà ti sọ ohun tó sọ. Mi ò lè parọ́ fún ẹni tó máa gbé ọmọ náà wẹ̀. Bí ó bá dùn ọ́, bínú sí mi, ó tọ́ sí ọ. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ń retí kí wọ́n pariwo. Mo ń retí kí wọ́n ní a tan àwọn jẹ. O mọ bí Ìjẹ̀bú wọn ṣe le, mo gbá fóònù mọ́ etí kí n lè gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n ní, "Abẹ kan ṣoṣo ni wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́ fún gbogbo àwa ọmọ inú ilé wa, láti orí ẹ̀gbọ́n dé orí àbúrò. Kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́. Bí mo bá dé Abuja, ṣé wọ́n lè yẹ èmi náà wò?"

Mo ní wọ́n lè ṣe é, màá mú wọn lọ fúnra mi.

Wọ́n ní, "Ẹ sọ fún ìyàwó mi pé kó má fi ọmọ sílẹ̀ láìgún abẹ́rẹ́ nítorí pé ó ń bẹ̀rù mi. Èmi ni màá gbé ọmọ náà dání nígbà tí wọ́n bá ń gún un."

Àbẹ̀ní, mo jókòó sí etí ibùsùn, mo sunkún bí ọmọdé. Ẹni tí a ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá, òun ló fẹ́ bá wa di ọmọ mú.

Nítorí náà, bí o bá ti ka lẹ́tà yìí tán, pe dókítà rẹ. Sọ fún un pé ẹ ti rò ó tán, kí ó ra abẹ́rẹ́ méjèèjì sílẹ̀: ti àjẹsára, àti èkejì tó wọ́n yẹn, tó ń dáàbò bo ọmọ lójú ẹsẹ̀ kí ti àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí Olúmìdé lọ fi ojú ara rẹ̀ rí wọn nínú fíríìjì, kí ó sì béèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́, torí o mọ iná wa. Bí ìrọbí bá mú ọ níbòmíràn, ẹnikẹ́ni tó bá gbà ọ́, kí ohùn rẹ má gbọ̀n, sọ fún un pé, "Mo ní hẹpatáítíìsì B, ọmọ mi gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lónìí." Kọ́ ọ sórí bí ẹsẹ Bíbélì. Lẹ́yìn náà, pe ìyá ọkọ rẹ. Wọ́n ń retí ohùn rẹ.

Màá wà nítòsí fóònù lọ́sàn-án àti lóru títí ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ọmọ bá dé, má ṣe kọ́kọ́ sọ fún mi bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Má sọ fún mi pé bàbá rẹ̀ ló jọ. Kọ́kọ́ sọ pé, "Mọ́mì, wọ́n ti gún un." Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o gbé fóònù sún mọ́ ọn, kí n gbọ́ igbe rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń dúró de ìpè yẹn,
Mọ́mì.